Irun mi ń já, irorẹ́ sì ń bo ojú mi: kí ni Ayurveda ń sọ gan-an?

Àdùkẹ́ Bódìjà:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọmọ ọdún 29 ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni irun orí mi ti ń já lọ́nà tí ó ń dẹ́rù bà mí. Bí mo bá tú irun tí mo dì, ẹ̀kúnwọ́ ni mo ń kó dànù. Ní àkókò kan náà ni irorẹ́ yọ sí àgbọ̀n mi àti sí iwájú orí mi, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní irorẹ́ tó báyìí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 16. Ẹni kan tí ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ta igo òróró kan fún mi tí wọ́n ń pè ní bhringraj, ó sì fi oògùn oníhóró dúdú kan kún un tí ó ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ó ní Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ àwọn ará Íńdíà, ni méjèèjì. Mo ti fi òróró náà pa orí sùn ní alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Irun kò tíì dúró, irorẹ́ iwájú orí sì ti pọ̀ sí i. N kò tíì fẹnu kan oògùn oníhóró náà. Ṣé kí n máa bá a lọ ni, àbí kí n dá a dúró?

Ọmọ Lẹ́kùlẹ́jà:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Àdùkẹ́. Ilé tí wọ́n ti ń ta ewé àti egbò ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà nínú igo yín. Bhringraj tí àwọn ará Íńdíà ń pè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa: òun ni ewé abíkolo, tí ń hù ní ẹ̀bá odò àti ní ibi tí ilẹ̀ bá ti rin, tí òdòdó rẹ̀ kéré tí ó sì funfun. Bí ẹ bá fún oje rẹ̀, yóò dúdú lójú yín, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń lò ó láti mú irun dúdú. Bákan náà ni ewé neem tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ àti ìpara irorẹ́ wọn, dongoyárò tiwa ni. Ilẹ̀ Íńdíà àti agbègbè rẹ̀ ni igi náà ti ṣẹ̀ wá. Láti Ghana ni wọ́n ti mú irúgbìn rẹ̀ wọ Nàìjíríà, tí wọ́n sì gbìn ín sí Maiduguri ní ọdún 1928. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ohun kan tí kò sí lọ́dọ̀ wa rárá ni wọ́n tà fún yín ní owó gọbọi.

Ṣùgbọ́n mímọ orúkọ ewé kò ì tíì jẹ́ mímọ àìsàn. Ìyá mi kì í ta àgbo fún ẹni tí kò bá jókòó sọ bí ara ṣe ń ṣe é. Ta ni ó bi yín léèrè ohunkóhun kí ó tó gbé òróró yìí fún yín?

Àdùkẹ́ Bódìjà:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Kò sí ẹni tí ó bi mí ní ohunkóhun. Mo fi àwòrán ojú mi ránṣẹ́, wọ́n sì fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Pune:
Ẹ kú ìrọ́jú, Àdùkẹ́. Ọdún kẹta mi rèé ní ìlú Pune, ní Íńdíà. Ìmọ̀ ìṣirò owó ni mo ń kọ́, èmi kì í ṣe oníṣègùn, ṣùgbọ́n ìyá onílé mi jẹ́ vaidya, ìyẹn oníṣègùn Ayurveda. Ọdún márùn-ún àbọ̀ ni wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́ náà ní yunifásítì níbí, tí ọdún kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ àfikọ́ra ní ilé ìwòsàn. Mo máa ń jókòó sí ìta yàrá tí ó ti ń gba àwọn aláìsàn, mo sì ti bi í ní ọ̀rọ̀ irun àti irorẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí irun èmi náà já nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí.

Khalitya ni orúkọ tí wọ́n ń pe irun jíjá nínú àwọn ìwé àtijọ́ wọn. Wọ́n ní agbára mẹ́ta ni ó ń darí ara: vata, tí ó jẹ mọ́ afẹ́fẹ́ àti ìrìn, pitta, tí ó jẹ mọ́ ooru, àti kapha, tí ó jẹ mọ́ omi àti ọ̀rá. Àlàyé tí Sushruta Samhita, ọ̀kan nínú àwọn ìwé àtijọ́ náà, ṣe ni pé bí pitta àti vata bá jọ wọ ìdí irun, irun á wọ́ dànù, lẹ́yìn náà ni kapha pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ á dí ihò tí irun ti jáde, irun mìíràn kò sì ní rọ́nà hù. Irorẹ́ ní tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mukhadushika, ohun tí ń ba ojú jẹ́. Ìwé kan náà ní kapha, vata àti ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fà á ní ojú àwọn ọ̀dọ́, ó sì fi irorẹ́ wé ẹ̀gún ara igi shalmali. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan ara igi pọ́npọ́là tí kò tíì dàgbà yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí ìbátan ni igi méjèèjì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú méjèèjì kò dọ́gba rárá. Irun gbígbẹ tí ń já ni wọ́n ń fi òróró rọ̀: wọ́n ń fi pa orí, wọ́n sì tún ń kán oògùn olóròóró sí imú ní abẹ́ àmójútó. Irorẹ́ ni wọ́n ń fa ọ̀rá kúrò lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń lò ni lẹ́pà, ohun lílọ̀ tí a fi omi pò, bíi èèpo igi lodhra pẹ̀lú irúgbìn coriander àti gbòǹgbò vacha; wọ́n á fi kun ojú, wọ́n á sì ṣàn án kúrò bí ó bá ti ń gbẹ. Nígbà tí mo ka ohun tí ẹ kọ fún ìyá onílé mi, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé ta ni ó ní kí ẹni tí irorẹ́ ń yọ sí iwájú orí máa fi òróró sùn mọ́jú.

Òun kì í kọ oògùn sílẹ̀ kí ó tó wo ahọ́n, kí ó tó di ọrùn ọwọ́ mú láti gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù, kí ó tó béèrè nípa oúnjẹ, oorun, ìgbẹ́ àti nǹkan oṣù. Ó máa ń béèrè nípa iyọ̀ pàápàá, nítorí Charaka Samhita, ìwé àtijọ́ mìíràn, kìlọ̀ pé àjẹjù iyọ̀ ń mú kí irun já, kí ewú tètè hù, kí awọ ara sì tètè hunjọ. Obìnrin méjì lè wá pẹ̀lú irun jíjá ní ọjọ́ kan náà kí ọ̀kan gba òróró, kí ó sì ní kí ekejì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Àyẹ̀wò yìí gan-an ni Ayurveda lójú tèmi, òun sì ni ẹni tí ó ta òróró fún yín yọ kúrò kí ó tó gba owó.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù:
Ọmọ mi Àdùkẹ́, má jẹ́ kí wọ́n kó ọ láyà jẹ o. Èmi lo òróró àwọn ará Íńdíà, ó sì ṣiṣẹ́ fún mi. Lẹ́yìn tí mo bí àwọn ìbejì mi, ní oṣù kẹrin, irun iwájú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àbúrò ọkọ mi tí ó wà ní London fi òróró kan ránṣẹ́ tí ó ní abíkolo, amla (èso ilẹ̀ Íńdíà kan) àti òróró yànmọtí nínú. Mo fi pa orí fún oṣù mẹ́fà, irun sì kún padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ yìí. Bóyá ti ayédèrú ni ìwọ rà.

Apòògùn Peckham:
Ẹ kú àárọ̀, gbogbo ilé. Iṣẹ́ apòògùn ni mo ń ṣe ní London, ní àdúgbò tí àwọn ènìyàn wa àti àwọn ará Íńdíà ti ń ra irú òróró báyìí ní ìsọ̀ kan náà, nítorí náà ojoojúmọ́ ni mo ń dáhùn ìbéèrè yìí.

Ìyá Ìbejì, mo gba ohun tí ẹ rí gbọ́ pátápátá. Ẹ kàn jẹ́ kí n fi èyí kún un. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, ọ̀pọ̀ irun tí ó yẹ kí ó já ni kì í já. Lẹ́yìn ìbímọ, ní nǹkan bí oṣù kejì sí ìkẹrin, gbogbo wọn á wá já lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ọ̀pọ̀ jù lọ ni irun wọn ń padà, yálà wọ́n fi nǹkan pa á tàbí wọn kò fi nǹkan kan pa á. Òróró yín rọ orí, kò jẹ́ kí irun tuntun gbẹ kí ó kán, inú mi sì dùn pé ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ìyẹn mọ̀ bóyá òun ni ó hu irun. Wọ́n ti dán abíkolo wò lára eku, irun sì hù lára wọn; ẹ̀rí tí ó lágbára lára ènìyàn ni kò tíì sí tó.

Àdùkẹ́, àwa méjèèjì tí a wà ní òkèèrè yìí sọ ohun kan náà nípa òróró yẹn. Òróró tí ó wúwo máa ń ṣàn wá sí iwájú orí bí ènìyàn bá ń sùn, ó máa ń mu sínú ìrọ̀rí, ó sì máa ń dí ojú ihò awọ ara. Òróró àgbọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ẹ dá a dúró. Irorẹ́ ìlà iwájú orí yín lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ti àgbọ̀n yín ni kò ní gbọ́, nítorí kì í ṣe òróró ni ó fà á. Irorẹ́ tí ó bá yọ sí àgbọ̀n àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin tí ó ti kọjá ọdún 25 sábà máa ń jẹ mọ́ họ́mọ́ọ̀nù. Bí họ́mọ́ọ̀nù irú ti ọkùnrin bá pọ̀ jù lára obìnrin, ó lè mú kí irun àárín orí fẹ́lẹ́, kí irorẹ́ yọ, kí nǹkan oṣù sì máa ṣe ségesège, ohun kan ṣoṣo ni ó sì fa gbogbo rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ béèrè: ṣé nǹkan oṣù yín ń dé déédéé? Ṣé irun ń hù sí àgbọ̀n yín? Ṣé ẹ ṣàìsàn tó le kí irun tó bẹ̀rẹ̀ sí í já? Irú irun wo ni ẹ ń dì?

Nípa oògùn oníhóró náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e mì. Ní ọdún 2004, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ JAMA tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde: wọ́n ra oògùn Ayurveda 70 tí a ń gbé mì ní àwọn ìsọ̀ agbègbè Boston, 14 nínú wọn ni ó ní òjé, mákúrì tàbí arsenic. Ní ọdún 2008 ni wọ́n tún yẹ 193 mìíràn wò tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sì tún rí bẹ́ẹ̀. Òjé ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́, ó sì ń kọjá sára ọmọ inú oyún. Hóró dúdú tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kò yẹ kí ó dé ọ̀fun yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Pune:
Mo fẹ́ ṣàlàyé ibi tí mákúrì yẹn ti ń wá, nítorí kì í ṣe àṣìṣe nígbà gbogbo. Ẹ̀ka kan wà nínú Ayurveda tí ń jẹ́ rasa shastra, tí wọ́n ti ń mọ̀ọ́mọ̀ fi irin àti mákúrì ṣe oògùn. Wọ́n á sun ún léraléra títí yóò fi di eérú, wọ́n sì gbà pé májèlé rẹ̀ ti jáde. Ìyá onílé mi kì í fún ẹnikẹ́ni nítorí irun tàbí irorẹ́. Ó ní ewé, èso àti oúnjẹ ni òun fi ń bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá lè sọ orúkọ gbogbo ohun tí ó wà nínú oògùn rẹ̀ kì í ṣe vaidya.

Adéwálé Òkè-Àdó:
Ìbéèrè tèmi kúrú. Ọmọ ọdún 34 ni mí, orí mi ti ń pá láti àtàrí àti láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì iwájú, bí ti bàbá mi. Ṣé òróró Ayurveda lè dá a padà?

Apòògùn Peckham:
Ẹ̀gbọ́n Adéwálé, apárí ìdílé nìyẹn, họ́mọ́ọ̀nù ni ó ń mú kí ìdí irun máa sún kì. Òróró kò lè dá ìyẹn dúró. Oògùn tí ẹ̀rí wà fún ni minoxidil tí a ń fi pa orí, èyí tí ó jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé ó ń hu irun, àti finasteride tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ fún yín. Ẹ gbọ́dọ̀ lo minoxidil tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, irun sì lè kọ́kọ́ já sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá dá a dúró, ohun tí ó hù á padà já.

Àdùkẹ́ Bódìjà:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti dá òróró dúró láti àná, mo sì ti gbé hóró dúdú náà jù sínú ihò ilẹ̀. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín rèé: nǹkan oṣù mi kì í dé déédéé mọ́, ó máa ń tó ogójì sí àádọ́ta ọjọ́ kí ó tó dé, ó sì máa ń pọ̀ gan-an bí ó bá dé. Irun kò hù sí àgbọ̀n mi. Ibà líle dá mi gúnlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù méjì àbọ̀ kí irun tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. N kò ro ìyẹn pọ̀ mọ́ ọn rárá. Irun kíkó ni mo máa ń ṣe, mo sì máa ń fi sí orí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọmọ Lẹ́kùlẹ́jà:
Ibà yẹn! Ìyá mi máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé irun ẹni tí ibà bá ti bá jà á já lẹ́yìn tí ara ti yá. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó bá béèrè á mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nǹkan méjì kí n tó lọ. Èkíní, mo rí àwọn tí ń po ata ilẹ̀ pupa mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń fi kun ojú tí wọ́n sì ń jáde sínú oòrùn, tí wọ́n ń pè é ní Ayurveda. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn á jó awọ ara yín, àpá dúdú ni yóò sì fi sílẹ̀, àpá náà sì máa ń pẹ́ lára aláwọ̀ dúdú ju irorẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Èkejì, epo inú èso dongoyárò kì í ṣe ohun mímu. Ó ti pa ọmọdé rí ní Íńdíà gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ gbé e mì torí pé ó ń pa irorẹ́.

Apòògùn Peckham:
Ibà á máa mú kí irun já ní oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, èyí sì máa ń padà fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń pọ̀ ní àsìkò nǹkan oṣù lè ti gbé irin inú ara yín lọ, àìtó irin náà sì ń já irun. Nǹkan oṣù tí kò déédéé pẹ̀lú irorẹ́ àgbọ̀n ni ó ń mú mi ronú nípa họ́mọ́ọ̀nù. Ẹ lọ rí dókítà, ẹ ní kí wọ́n yẹ irin inú ẹ̀jẹ̀ wò, ìyẹn ferritin, kí wọ́n yẹ ẹ̀yà ara inú ọrùn tí ń jẹ́ thyroid wò, kí wọ́n sì yẹ àwọn họ́mọ́ọ̀nù náà wò. Ẹ ní kí wọ́n wo àárín orí yín dáadáa pẹ̀lú, nítorí irú kan wà tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin wa, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí tí ó sì ń fi àpá dí ìdí irun pátápátá. A gbọ́dọ̀ tètè mú ìyẹn. Ẹ tú irun kíkó náà, ẹ má sì dì í le mọ́, pàápàá ní etí àti iwájú.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mo ti kọ́ ọgbọ́n. Àbúrò mi obìnrin ń dì í le fún ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ọdún mẹ́fà, iwájú orí ọmọ náà sì ti ń dán. Mo ti pè é ní fóònù ní àárọ̀ yìí.

Àdùkẹ́ Bódìjà (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje):
Mo padà wá jíṣẹ́ fún yín, nítorí ẹ dúró tì mí. Irin inú ẹ̀jẹ̀ mi lọ sílẹ̀ gan-an. Thyroid mi dára. Họ́mọ́ọ̀nù irú ti ọkùnrin ga díẹ̀, dókítà sì ṣàlàyé ìṣòro ilé ẹyin tí wọ́n ń pè ní PCOS fún mi. Wọ́n ṣì ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ lọ. Kò sí àpá ní àtàrí mi. Mo ń lo oògùn irin, mo sì ń fi ìpara adapalene díẹ̀ pa ojú ní alẹ́, èyí tí dókítà kìlọ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ lò bí mo bá lóyún. Irorẹ́ iwájú orí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láti ìgbà tí mo ti fi òróró sílẹ̀. Ti àgbọ̀n ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀ mọ́. Irun ṣì ń já, kò tó ti tẹ́lẹ̀, mo sì rí àwọn kéékèèké tí ń hù ní ìlà iwájú. Ohun kan ni ó kù tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà ní Pune: orí mi gbẹ púpọ̀ báyìí. Ṣé n kò ní lè lo abíkolo mọ́ láé?

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Pune:
Inú mi dùn jọjọ láti gbọ́ èyí. Mo bi ìyá onílé mi ní alẹ́ àná. Ó ní ẹ lè lò ó ní ọjọ́ tí ẹ ó bá fọ orí nìkan: kí ẹ bu ìwọ̀nba díẹ̀, kí ẹ mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ fi ìka rọra fi ra àárín orí láì dé ìlà iwájú, kí ẹ fi aṣọ wé e fún wákàtí kan, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá ibí ṣe ń ṣe é fún ọmọ wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Òróró yànmọtí ni ó yàn fún yín dípò ti àgbọn. Ó sì ní bí irorẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí iwájú orí, kí ẹ fi òróró sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.